Lékeléke Ara Ògiri Bàbá Wándé

Tí o bá fẹ́ kí Adégbìtẹ́ kan àga fún ọ, o ní láti kọ́kọ́ jẹ́ kó wo bí o ṣe ń jókòó. Kì í bèèrè irú igi tí o fẹ́, kì í bèèrè àwọ̀. Yóò wá sílé rẹ ní ìrọ̀lẹ́, yóò gba omi mu, yóò sì wá kọ̀rọ̀ kan jókòó sí bí ọkọ ìyàwó tó kọ́kọ́ wá sílé àna rẹ̀. Yóò máa wo ibi tí o ń na ẹsẹ̀ sí, bóyá o máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan tì, bóyá o máa ń bọ́ bàtà kí o tó jókòó tàbí lẹ́yìn tí o bá jókòó tán. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ kò pé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún odidi oṣù mẹ́ta, mo sì sọ ọ́ sí i lójú.

Orúkọ mi ni Àmúdàtù, ọmọ Ṣakí, ṣùgbọ́n ní Challenge n'Ìbàdàn níbí, Ìyá Onífóòmù ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Èmi ni mo ń rán aṣọ àga, tí mo sì ń gé fóòmù sínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Adégbìtẹ́ fara kan ara, òrùlé páànù kan náà ló bo àwa méjèèjì, ariwo ayùn rẹ̀ ni mo sì fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìgbòho ló ti wá ní ọdún 1979, ọmọ Onítẹ̀bọmi, tí bàbá rẹ̀ ń hun aṣọ òfì. Bàbá náà kò tíì gbà títí di ìgbà yẹn pé ọmọ òun ń ṣe káfíńtà. Ó gbà pé ó lọ ṣeré ní Ìbàdàn ni, yóò padà wá sídìí òfì bó bá sú u.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé àwa oníṣẹ́ ọwọ́ kì í sọ òtítọ́ nípa ọjọ́. A ó ní kí oníbàárà padà wá lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí a mọ̀ dájú pé a kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Èmi náà ti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí Ọlọ́run foríjì mí. Adégbìtẹ́ kò pa á rí. Bó bá sọ pé oṣù méjì, oṣù méjì ni. Bí igi bá ya sí i lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi han oníbàárà, yóò sì ní òun máa tún un ṣe. Oníbàárà bíi mélòó kan sá nítorí ẹnu rẹ̀ yìí, mo sì máa ń bú u pé kó kọ́ bí a ti ń dákẹ́. Yóò kàn rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Iṣẹ́ mi dáa, Ìyá Onífóòmù. Kí ni mo fẹ́ fi irọ́ bò níbẹ̀?" Báyìí ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ọkàn ọmọkùnrin náà balẹ̀ débi tó ń múnú bí ènìyàn.

Ní ọdún 1983, nǹkan ti ń le, àwọn àga aláwọ tí àwọn ará Bódìjà máa ń kó wá láti òkè òkun kò wọlé mọ́. Àwọn tí kì í wo ìhà ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ wá ń páàkì mọ́tò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ń fọwọ́ kan pákó bí ẹni tó ń fọwọ́ kan iṣu lọ́jà. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́níyì Adéyẹmọ, sọ̀féyọ̀ àgbà tó ń wọn ilẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Wándé. Ènìyàn ńlá ni wọ́n. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ nínú Pijó wọn, ẹ ó rí i tí mọ́tò náà gbéra sókè, tó sì mí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí Adégbìtẹ́ ṣe pálọ̀ àwọn láti ilẹ̀, àga, tábìlì, gbogbo rẹ̀.

Adégbìtẹ́ lọ jókòó sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kẹta, kò mú ayùn. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

"Ìyá Onífóòmù, ilé yẹn tóbi, kò sì sẹ́nì kankan níbẹ̀," ó ní. "Mojí ọmọ wọn obìnrin ti wà nílé ọkọ, Wándé wà ní yunifásítì. Ìyá Wándé kì í tètè dé láti ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni. Bàbá á wọlé, wọ́n á kí ara wọn káàbọ̀, wọ́n á sì jókòó máa wo ògiri funfun."

Mo ní, "Ìyẹn wá kan káfíńtà?"

Ó ní, "Ó kàn án. Ògiri yẹn ló yẹ kó máa kí wọn."

Ẹ má ṣe rò pé mo lóye rẹ̀. Nígbà tí mo bá a lọ sí Bódìjà lọ wọn aṣọ, ó sọ ọ́ lójú Bàbá Wándé àti ìyàwó wọn pé bí baálé bá ti jókòó sí àga rẹ̀, àwọn ẹyẹ lékeléke lára ògiri yóò na ìyẹ́ kí i. Ìyá Wándé fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bàbá Wándé ní, "Adégbìtẹ́, bí kò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Á ṣiṣẹ́, sà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá jókòó síbẹ̀ títí tí ẹ ó fi darúgbó, wọ́n á dá yín lóhùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ̀ yín, màá ti ṣọ́ọ̀bù mi, màá padà lọ bá bàbá mi nídìí òfì."

Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó ti sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé bó ti sọ ọ́ yẹn ni yóò ṣe é.

Ohun tó ṣe nìyí. Ó gbẹ́ lékeléke mẹ́rìnlélógún láti ara igi àfàrà, èyí tó funfun bí ẹ̀kọ, ó sì fi ìrókò bo ẹ̀yìn ìyẹ́ wọn. Bí wọ́n bá pa ìyẹ́ dé, ògiri á dúdú, o ó rò pé pákó lásán ni wọ́n fi bò ó. Lábẹ́ ìjókòó àga Bàbá Wándé, ó fi sípíríǹgì méjì tó tú lára mọ́tò àlòkù sí i. Bí ènìyàn bá jókòó, ìjókòó náà á rì wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, á fa wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sídìí ògiri, àwọn ẹyẹ á sì máa na ìyẹ́ funfun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ àga títí dé ojú fèrèsé. Bí ó bá dìde, wọ́n á pa á dé. Kò lo iná mànàmáná rárá, nítorí náà ìgbà tí iná bá lọ kò kàn án. Mo bi í léèrè ibi tó ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ní nídìí òfì bàbá òun ni, pé láti kékeré lòun ti ń wò ó bí bàbá òun ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan nísàlẹ̀, tí òwú sì ń là sí méjì lókè.

Ìṣòro tó kù ni bí sípíríǹgì náà yóò ṣe le tó. Bó bá rọ̀ jù, ológbò lásán á fò sórí àga, àwọn ẹyẹ á na ìyẹ́, ọ̀rọ̀ á wá di yẹ̀yẹ́. Adégbìtẹ́ ní Bàbá Wándé nìkan ni òun fẹ́ kí àwọn ẹyẹ náà máa kí. "Àga bàbá ni," ó ní. "Ta ló máa jókòó sí i? Ìyàwó kò ní jókòó sí i, ọmọ kò jẹ́ dán an wò, àlejò tó bá sì mọ ara rẹ̀ á wá ibòmíràn." Ó mú Bàbá Wándé lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ring Road láti gun òṣùwọ̀n. Kílò méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni. Ó wá di sípíríǹgì náà kó má ṣe mira lábẹ́ ẹni tí kò bá tó kílò ọgọ́rin. Èmi náà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà pé ó tọ̀nà. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n mi ju tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún 1984 ni wọ́n fi àdúrà ṣí pálọ̀ náà. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà wọn wá pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Dókítà kan láti Ring Road wá, ọ̀gá onílé ìtura kan láti Òkè Àdó náà wá, àwọn méjèèjì sì ti sọ pé bí ẹyẹ bá na ìyẹ́ lóòótọ́, àwọn náà á gbé iṣẹ́ fún Adégbìtẹ́. Alàgbà Ọlọ́runtóyìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí Bàbá Wándé lọ ra àga gidi ní Èkó. Mojí wá láti ilé ọkọ pẹ̀lú ọmọ méjì, ọ̀kan bí ọmọ ọdún márùn-ún, èkejì lẹ́yìn rẹ̀. Adégbìtẹ́ wọ kaftánì tuntun, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó ni ilé.

Wọ́n gbàdúrà tán. Bàbá Wándé ti na ọwọ́ sẹ́yìn láti jókòó nígbà tí a gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Mòníyà ni, ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí Bàbá Wándé, tó ń dáko ní Mòníyà, òun ló sì fi owó iṣu rán Bàbá Wándé nílé ìwé lẹ́yìn tí bàbá wọn kú. Wọn kò retí pé yóò lè wá. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀, ó sì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dání. Gbogbo ilé dọ̀bálẹ̀. Bàbá Wándé di bàbá náà lọ́wọ́ mú, wọ́n sìn ín lọ tààrà, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ lé àga náà. Kò sẹ́ni tó ronú lẹ́ẹ̀mejì. Níbo ni wọ́n ìbá tún fi í sí?

Bàbá Mòníyà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀. Ó jókòó. A yíjú sí ògiri, gbogbo wa. Ògiri dúró dúdú.

A dúró títí. Ẹnì kan wúkọ́. Alàgbà Ọlọ́runtóyìn ní, "Bóyá àwọn ẹyẹ náà ń gbààwẹ̀." Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ọ̀gá onílé ìtura sì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ wọn, inú sì bí mi sí Alàgbà náà débi tí mo fi ń wá ohun tí màá sọ sí i. Bàbá Wándé wo Adégbìtẹ́, wọ́n sì tún yíjú sí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, wọ́n ń bi í léèrè bí ọ̀nà ti rí.

Adégbìtẹ́ rọra rìn dé ẹ̀gbẹ́ mi. Òógùn wà lórí imú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Kò sí ohun tó bàjẹ́," ó sọ fún mi lábẹ́lẹ̀. "Bàbá ni wọn kò wúwo tó."

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó dé. Ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ pé kó dìde, pé kò wúwo tó? Bàbá Wándé ìbá dúró lórí ẹsẹ̀ wọn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Adégbìtẹ́ alára kò jẹ́ sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá tú ká lọ báyìí, Ìgbòho ni yóò gbà lọ, mo sì mọ̀ pé kò ní yẹ ìlérí rẹ̀.

Ọmọ márùn-ún ni mo bí, mo sì mọ ohun kan tí arúgbó kì í kọ̀. Mo fa Mojí létí aṣọ. Mo ní, "Gbé ọmọ rẹ fún bàbá, kí wọ́n súre fún un."

Mojí mú èyí tó dàgbà wá. Bàbá Mòníyà gbé e sórí itan, ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Àga náà dún fín-ín. Mo ní kí Mojí tú èyí tó pọ̀n sílẹ̀. Wọ́n gbé ìyẹn sí itan kejì, ẹyẹ tó sún mọ́ àga jù lọ sì mira, ó na ìyẹ́ díẹ̀, ó dúró. Mo ti ń wo yíká bóyá màá rí ọmọ mìíràn yá nígbà tí Bàbá Mòníyà fúnra rẹ̀ na ọwọ́.

"Mojí, ìwọ náà wá. Ṣé o rò pé o ti dàgbà lójú mi?"

Mojí rẹ́rìn-ín, ó wá, ó sì fi ìdí há ẹ̀gbẹ́ bàbá náà lórí ìjókòó bó ti máa ń ṣe ní kékeré. Ìjókòó rì. Lékeléke kìíní na ìyẹ́, èkejì na tirẹ̀, ẹ̀kẹta, wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìró wọn dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣí ìwé ńlá, títí gbogbo ògiri fi funfun dé ojú fèrèsé. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún.

Bàbá Mòníyà wò ó tán, ó ní, "Ọmọ́níyì, àwọn ẹyẹ rẹ ń kí mi. Ta ló ṣe é?"

Adégbìtẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo mọ̀ pé yóò sọ ọ́, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ nínú mi pé kó má sọ ọ́. Ó sọ ọ́. "Èmi ni, bàbá. Mo ṣe àṣìṣe. Mo wọn onílé, mi ò rántí pé onílé ní ẹ̀gbọ́n."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ní kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Ó ní, "Kò burú. Bí mo bá tún ń bọ̀, màá jẹun yó kí n tó kúrò ní Mòníyà."

Dókítà gbé iṣẹ́ fún un lọ́jọ́ náà, ọ̀gá onílé ìtura kò sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà parí. Alàgbà Ọlọ́runtóyìn wá ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ ẹja tí yóò máa wẹ̀ lára ògiri, èmi ni mo sì rán aṣọ àga rẹ̀, mo jẹ́ kó dúró dè mí dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni Adégbìtẹ́ ti ní ìbéèrè kan tó máa ń bi gbogbo oníbàárà kó tó mú ìwọ̀n: "Bí ẹni tó jù yín lọ bá dé, níbo lẹ máa ń jókòó?" Ó padà sí Bódìjà pẹ̀lú, ó fi nọ́ọ̀tù kan sí abẹ́ àga Bàbá Wándé, tí ènìyàn lè fi sípánà tú tàbí kó fi dì í, kí sípíríǹgì lè rọ̀ tàbí kó le. Ó ní ẹni tó bá kan àga láìfi ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀ kò tíì kàn án tán.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Adégbìtẹ́ fẹ́ Àyọ̀ká, ó bímọ, ó gba ṣọ́ọ̀bù kejì mọ́ tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá láti Ìgbòho, ó wo ògiri kan tí Adégbìtẹ́ ń ṣe lọ́wọ́, ó ní ọmọ òun hun ún dáadáa. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹta ọdún 1988, Ìyá Wándé wá sí Challenge. Wọ́n dúró nínú oòrùn. Mo fún wọn ní àga, wọn kò jókòó.

"Adégbìtẹ́," wọ́n ní, "àwọn ẹyẹ kò na ìyẹ́ lánàá. Bàbá Wándé ní ó jọ pé wáyà ló já."

A ti gbọ́ pé ara Bàbá Wándé kò yá. Mo ti rí wọn lẹ́ẹ̀kan nínú Pijó, ọrùn aṣọ wọn ti fẹ̀ jù wọ́n lọ.

Ìyá Wándé ní, "Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wáyà kò já."

Adégbìtẹ́ mú sípánà. Ìyá Wándé ní Bàbá Wándé wà lọ́dọ̀ dókítà títí di aago mẹ́rin, Adégbìtẹ́ sì ti tú nọ́ọ̀tù náà sílẹ̀ kí aago mẹ́ta tó lù. "Àwọn ẹyẹ á dá wọn lóhùn, mà," ó sọ fún Ìyá Wándé. "Mo ti ṣèlérí." Ó tún lọ ní oṣù keje. Ó tún lọ ní oṣù kọkànlá, lọ́jọ́ náà èmi náà bá a lọ, nítorí ìjókòó ti ń dun Bàbá Wándé ní egungun, wọ́n sì fẹ́ fóòmù tó nípọn sí i.

Bàbá Wándé ń sùn ní yàrá nígbà tí a ṣe é. A parí, Ìyá Wándé lọ sí kíṣíìnì lọ gbé omi wá fún wa, àfi bí ilẹ̀kùn yàrá ṣe ṣí. Bàbá Wándé fi ọwọ́ ti ògiri rìn dé ìdí àga. Wọ́n ti gbẹ tó Bàbá Mòníyà ọjọ́sí. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ lé apá àga méjèèjì, àwọn lékeléke sì ṣí kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wọn títí dé ojú fèrèsé, kò sí ọ̀kan tó kọ̀. Bàbá Wándé wo àwọn ẹyẹ náà fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ilẹ̀, Adégbìtẹ́. Ṣé o rò pé mi ò ní mọ̀ bí ìwọ̀n bá yí padà? Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti tú u?"

Mo wo ilẹ̀. Adégbìtẹ́ ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà."

"Ó ṣì kù tí o lè tú?"

"Ó kù, sà. Ó kù dáadáa."

"Ó dáa." Wọ́n fi orí ti ẹ̀yìn àga. "Má jẹ́ kí Ìyá Wándé mọ̀ pé mo mọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé mi ò mọ̀."

Ìyá Wándé gbé omi dé, a mu ún, a dúpẹ́. Wọ́n sìn wá dé géètì, wọ́n sì dúró títí a fi fẹ́ jáde kí wọ́n tó bèèrè.

"Ṣé wọn kò fura?"

Adégbìtẹ́ wo ojú wọn. Ó ní, "Wọn kò fura rárá, mà."

Ẹ̀gbẹ́ ara wa ni a ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1979. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nípa iṣẹ́ nìyẹn, a sì jọ rìn lọ sí ibi tí takisí ń dúró sí.